Igbó Tí Wọ́n Gbá Mọ́

Nígbà tí Ọlájùmọ̀kẹ́ Ògúnlẹ́yẹ kó dé Bódìjà ní ọdún 1961, ohun tó kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn nínú ilé tuntun náà kì í ṣe iná mànàmáná, kì í sì í ṣe omi ẹ̀rọ. Igbó tó wà lẹ́yìnkùlé ni. Àwọn tó pín ilẹ̀ àdúgbò náà ti wọn gbogbo ibi tó tẹ́jú, wọ́n ti la títì, wọ́n ti kọ́ ilé tó jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò, tí wọ́n rí àpáta àti gbòǹgbò, wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ràn igbó náà. Wọ́n wò ó pé ilé kíkọ́ síbẹ̀ yóò ni àwọn lára. Ohun tó ń dáàbò bo igbó náà kò ju èyí lọ: kò rọrùn láti wọ inú rẹ̀.

Tísà ni Ọlájùmọ̀kẹ́. Ọmọ katikíìsì ìjọ Áńgílíkà ni, wọ́n bí i ní abúlé kan lọ́nà Ọ̀yọ́, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìwé àti àdúrà. Bàbá náà máa ń sọ pé ẹni tí kò bá tíì gbálẹ̀, kó má wulẹ̀ kúnlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju bó ṣe gba púpọ̀ nínú Bíbélì gbọ́ lọ. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Agodi, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ tó máa ń ka ìwé ìròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n bí, Rónkẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí Ọlájùmọ̀kẹ́ ti ń kọ́ni wà lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gan-an. Bí ó bá dúró níwájú kíláàsì, orí igi ló ń rí lójú fèrèsé, àràbà kan, ìrókò méjì, àti ayùnrẹ́ tí ewé rẹ̀ máa ń pa pọ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Nítorí ayùnrẹ́ yìí ló ṣe kọ́kọ́ bá èèyàn jà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó rí àwọn lagilagi lábẹ́ igi náà, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù, wọ́n ń pọ́n àáké. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́. Ta ló ní kí ẹ wá gé e?"

"Mọmọ, igi igbó ni," ni ọ̀gá wọn dáhùn. "Ta ló ni igi igbó?"

"Èmi ni mo ni ín."

"Ẹ̀yin lẹ gbìn ín?"

"Ìwọ tó fẹ́ gé e ńkọ́? Ìwọ lo gbìn ín?"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀kan ní, "Ọ̀gá, Tísà ti bi yín ní ìbéèrè, ẹ nàka sókè kí ẹ dáhùn." Ọ̀gá náà gbé àáké lé èjìká, ó wo ìsàlẹ̀ igbó lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn kan ti fi imọ̀ ọ̀pẹ sọgbà yí àpáta ká, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ. Ọlájùmọ̀kẹ́ rò pé ẹnu òun ló lé wọn. Kò bojú wẹ̀yìn láti wo ohun tí ọkùnrin náà wò.

Bí ìtàn rẹ̀ bá parí lọ́jọ́ náà, a kì bá tí rí nǹkan kan wí sí i.

Láti ibẹ̀ ló ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Igbó ni wọ́n pe ara wọn. Tísà bíi tirẹ̀ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ìyàwó lọ́yà wà níbẹ̀, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó ń tẹ̀lé àwọn ọmọbìnrin wá. Ẹnikẹ́ni kò san owó fún wọn. Ní àràárọ̀ Sátidé wọ́n ń kóra jọ pẹ̀lú àdá àti ọkọ́, wọ́n ń rìn yí igbó ká, wọ́n ń lé àwọn tó ń da ilẹ̀ síbẹ̀. Lọ́dọọdún wọ́n ń ṣe Ọjọ́ Igbó: àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yóò dúró nídìí igi, ọmọ kan sí igi kan, kálukú yóò sì ki igi tirẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń ki ìrókò kò ní rò pé ohun búburú kan lè ti ibẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbá igbó náà. Ọmọ katikíìsì kò lè rí ewé gbígbẹ nílẹ̀ kó má gbá a. Wọ́n ń ṣán abẹ́ igi nítorí ejò, wọ́n ń kó ewé jọ, wọ́n ń sun ún. Igi kékeré tó bá hù lónìí, ọkọ́ á dé bá a ní Sátidé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, èèyàn lè dúró ní títì kó máa wo odò láàárín àwọn igi ńláńlá, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ìta láti pálọ̀. Àwọn tó ń kọjá ń yìn wọ́n. Igbó náà wá ní gbogbo ohun tó yẹ kí ilẹ̀ ilé ní, àfi ilé.

Àwọn tó fi imọ̀ ọ̀pẹ sọgbà yí àpáta ká jẹ́ aládùúrà láti Agbowó, káfíńtà, aránṣọ, àwọn tó ń pàtẹ ẹja àti ọṣẹ. Wòlíì wọn ni Gbádérọ̀, àgbàlagbà kan tó ti fìgbà kan ṣe bíríkìlà. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé kan ṣoṣo sí Bódìjà. Ní ìdájí ni wọ́n ń wá, láìwọ bàtà, pẹ̀lú agogo ọwọ́ àti omi nínú ìgò. Wọ́n ti ya ilẹ̀ náà sí mímọ́, gbogbo lagilagi Agbowó ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá gbé àáké sókè níbi tí aládùúrà ti ń kúnlẹ̀, apá rẹ̀ ni yóò rọ. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, ìyẹn kò kan àwọn igi. Wọ́n ṣì wà lóròó.

Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Igbó kò ka àwọn aládùúrà kún. Wọ́n máa ń ṣán ilẹ̀ yí wọn ká, bí èèyàn ṣe ń gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ àlejò tí kò fẹ́ dìde ká.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1965, akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìyáàfin Oyèṣọlá, ìyàwó lọ́yà, mú àbá wá sí ìpàdé ní pálọ̀ Ọlájùmọ̀kẹ́.

"Láìsí ẹni ńlá lẹ́yìn wa, obìnrin tó ń fi àdá ṣeré ni wọ́n ń pè wá. Ẹ jẹ́ ká pe Olóyè Ọ̀ṣuntóyìn wá ṣe alága Ọjọ́ Igbó, ká sì fi í jẹ Bàbá Igbó."

Nọ́ọ̀sì kan ní, "Olóyè tó ń fi katapílà la títì káàkiri yẹn? Ẹ fẹ́ fi ológbò ṣọ́ ẹja."

"Ẹja tí ológbò bá ń ṣọ́, ajá kò ní jẹ ẹ́," ni Ìyáàfin Oyèṣọlá dáhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn kan. Lẹ́yìn ẹ̀rín wọ́n fọwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ìpinnu nìyẹn. Ọlájùmọ̀kẹ́ náà nawọ́ sókè.

Kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú ohun tí wọ́n ṣe. Ní ìlú yìí, kò sí ẹgbẹ́ akọrin, kò sí ẹgbẹ́ eléré bọ́ọ̀lù, kò sí ẹgbẹ́ opó tí kò ní Bàbá Ìsàlẹ̀. A máa ń mú ohun tí a fọwọ́ wa ṣe, a máa gbé e fún ẹni tí kò bá wa dá sí i, kí ó lè níyì lójú wa.

Olóyè Ọ̀ṣuntóyìn wá wo igbó náà. Kọńtírákítọ̀ ni, ọ̀kan nínú àwọn olówó ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí àlééfà. Kò wọ inú igbó; ó dúró létí títì nítorí bàtà rẹ̀.

"Tísà, níbo ni ọkọ̀ àwọn àlejò mi yóò gbà wọlé?"

"A máa ń fẹsẹ̀ rìn ni, sà."

"Mínísítà kì í fẹsẹ̀ rìn. Mà á fi katapílà kan ránṣẹ́ sí yín. Wọn á la ojú ọ̀nà kékeré, wọn á tẹ́ ibi tí a máa to àga sí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀bùn mi nìyẹn."

Ọlájùmọ̀kẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́ pé inú òun kò dùn sí i. Ọkọ rẹ̀ sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀, ó ní, "Ìyá Rónkẹ́, ẹni tí ẹ fẹ́ fi jẹ Bàbá, ẹ ò lè kọ ẹ̀bùn rẹ̀." Òun náà mọ̀. Ó ti kúnlẹ̀ dúpẹ́ kó tó délé. Nígbà tí katapílà dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn níwájú rẹ̀, tó ń so aṣọ pupa mọ́ àwọn igi tí wọ́n lè wó. Ó ní kí wọ́n má baà wó èyí tó dára ni. Ọwọ́ rẹ̀ náà ló so aṣọ ọ̀hún mọ́ ayùnrẹ́, nítorí pé ojú ọ̀nà kò lè yà.

Nígbà tí Olóyè wá wo iṣẹ́ náà, ó rí aṣọ funfun láàárín igi. "Àwọn wo nìyẹn?"

"Aládùúrà ni wọ́n, sà."

"Ṣé níwájú Mínísítà náà ni wọn yóò ti máa jó? Ẹ jọ̀ọ́, Tísà."

Ó kúkú lọ bá wọn. Wòlíì Gbádérọ̀ jókòó lórí àpáta, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán etí aṣọ rẹ̀ tó ya.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀ o, Tísà. Ẹ bọ́ bàtà yín kí ẹ wọlé."

Kò bọ́ ọ. Ó dúró lẹ́yìn imọ̀ ọ̀pẹ. "Ọ̀rọ̀ mi ò gùn, Bàbá. Àwọn ẹni ńlá ń bọ̀ ní Ọjọ́ Igbó. Ẹgbẹ́ ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá wa kó kúrò níbí."

"Di ìgbà wo?"

Ó lè sọ pé di Mọ́ńdè. Ọkùnrin náà ti ṣílẹ̀kùn ìyẹn fún un. "Pátápátá ni, Bàbá. Ibi ìgbafẹ́ gbogbo èèyàn la fẹ́ sọ ọ́ dà."

"Àwa ò sí lára gbogbo èèyàn?"

"Ẹ má bínú. Àbẹ́là tí ẹ ń tàn sídìí igi, iná lè ràn."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń sun ewé ní gbogbo Sátidé." Wòlíì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi eyín já òwú. "Kò burú. A kì í bá èèyàn jà nítorí ilẹ̀. Ọlọ́run wà ní Òjóò náà."

Wọ́n kó lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n ń to àga, wọ́n sì rí gbogbo ohun tí àwọn aládùúrà ṣe. Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n da omi ìgò wọn sórí àpáta. Wọ́n fa imọ̀ ọ̀pẹ tu, wọ́n dì í, wọ́n gbé e rù. Lẹ́yìn náà, nínú ọgbà tí ẹsẹ̀ bàtà kò tíì kàn rí, wọ́n jókòó, kálukú wọn sì wọ bàtà tó mú wá lọ́jọ́ náà. "Ọpẹ́lọpẹ́ wọn, wọ́n tilẹ̀ bá wa tún un ṣe," ni Ìyáàfin Oyèṣọlá wí. Ọ̀kankan nínú wọn kò béèrè ìdí tí ẹni tí kì í wọ bàtà níbẹ̀ fi wọ̀ ọ́.

Mínísítà kò wá. Ó rán èèyàn kan tó sùn lórí àga. Àwọn ọmọdé ki igi. Wọ́n dé Olóyè Ọ̀ṣuntóyìn ní fìlà tí wọ́n fi ewé hun, wọ́n pè é ní Bàbá Igbó, Ọlájùmọ̀kẹ́ sì kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Igbó yín rèé, Bàbá. Ọwọ́ yín la fi í sí." Èrò pàtẹ́wọ́.

Kí òjò tó rọ̀ dáadáa, òkúta àwọn awọnlẹ̀ ti wà káàkiri inú igbó. Ọlájùmọ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì tó ń pín ilẹ̀ àdúgbò náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá a lóhùn kò yájú sí i rárá.

"Màdáàmù, ilẹ̀ tí kò ṣeé lò ni wọ́n kà á sí tẹ́lẹ̀. Èmi fúnra mi lọ wò ó. Mo wa mọ́tò wọ inú rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n ti tẹ́ ẹ, ó lójú ọ̀nà. A ti pín in fún Olóyè Ọ̀ṣuntóyìn kí ó kọ́lé sí i. Ibo lẹ ti fẹ́ kí n pè é ní igbó?"

"Àwa la tún un ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, mà," ni ó wí, òótọ́ inú rẹ̀ ni.

Ó lọ sílé Olóyè ní Ring Road. Olóyè fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù, ó béèrè àlàáfíà ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yẹ la fi ìyẹn ṣe fún yín. A ò ní kí ẹ kọ́lé síbẹ̀."

"Tísà, bí èèyàn bá gbé ọmọ lé bàbá lọ́wọ́ níwájú èrò, ṣé yóò tún wá máa kọ́ bàbá bí yóò ṣe tọ́ ọ? Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹgbẹ́ yín kò ní tú. Ẹ̀yin ni ẹ máa máa tọ́jú òdòdó ẹnu géètì."

Ọlájùmọ̀kẹ́ pe ìpàdé. Ó ní kí gbogbo wọn wá dúró síwájú igi ní àárọ̀ Mọ́ńdè tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Nọ́ọ̀sì tó sọ̀rọ̀ ológbò ní iṣẹ́ òwúrọ̀ wà fún òun lọ́jọ́ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò tilẹ̀ wá.

"Ẹjọ́ Olóyè méjì ló wà lọ́wọ́ ọkọ mi," ni Ìyáàfin Oyèṣọlá wí. "Ẹ̀yin náà, ẹ rántí ibi tí ọkọ yín ti ń ṣiṣẹ́, Ìyá Rónkẹ́. Igi á hù níbòmíràn."

Bí wọ́n ti lọ tán ni Ọlájùmọ̀kẹ́ tó ronú kan àwọn tó lé. Katapílà kò lè wó àràbà àti ìrókò orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àáké ló máa ṣe é, àwọn lagilagi Agbowó ni yóò sì gbé àáké náà. Ó wá rántí pé ọ̀gá wọn ti wo ìsàlẹ̀ igbó lọ́jọ́ ayùnrẹ́ kó tó kó wọn lọ. Ní Sátidé, dípò kó gbé ọkọ́, ó wọ mọ́tò lọ sí Òjóò.

Ẹ̀yìn gáréèjì ni ó ti rí wọn, lórí ilẹ̀ pupa tí igi kankan kò sí. Imọ̀ ọ̀pẹ tuntun yí wọn ká. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Inú Wòlíì dùn láti rí i. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí fún un jókòó.

"Bàbá, ẹ bá mi padà síbẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan. Kí àwọn lagilagi kàn rí aṣọ yín láàárín igi."

"Tísà, ẹ rò pé aṣọ ló ń bà wọ́n lẹ́rù?"

"Mi ò mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Mo mọ̀ pé wọn kò gé e nígbà tí ẹ wà níbẹ̀."

"A ti tú ilẹ̀ yẹn sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ń lọ, a gbàdúrà ìtúsílẹ̀, a wọ bàtà níbẹ̀ lójú yín. Ilẹ̀ lásán ni. Gbogbo Agbowó ló mọ̀."

"Ẹ tún un yà sí mímọ́."

"Lórí ilẹ̀ Olóyè? Òun ò pè wá. Ẹ̀yin tí ẹ ni ín tẹ́lẹ̀, ẹ lé wa."

"Mo wá bẹ̀ yín ni, Bàbá."

"Mo gbọ́. Ó ti pẹ́ jù." Ó sọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń túfọ̀. "Àwọn lagilagi ti wá síbí lánàá. Ọmọ ìjọ mi ni méjì nínú wọn. Wọ́n bi mí bóyá ó ti ṣeé gé. Mo ní ó ti ṣeé gé. Wọ́n kó àáké wọn kalẹ̀, wọ́n ní kí n gbàdúrà sí i kí igi má baà wó lu ẹnikẹ́ni. Mo gbàdúrà sí i."

"Ẹ kò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró di ọdún kan sí i?"

"Kí n purọ́ fún ọmọ ìjọ mi nítorí igbó tí ẹ ní kí wọ́n jáde nínú rẹ̀?"

Ó dìde lọ mú bàtà rẹ̀. Wòlíì sìn ín dé ojú títì, ó ní kó bá òun kí ọkọ rẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, Ọlájùmọ̀kẹ́ kò lọ dúró síwájú igi kankan. Ó lọ síbi iṣẹ́. Ó ń kọ́ kíláàsì ní ìṣirò nígbà tí àáké bẹ̀rẹ̀ sí í dún nísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kò dákẹ́ mọ́. Nǹkan kan ya gààrà, ilẹ̀ mì tìtì, ìmọ́lẹ̀ sì wọ kíláàsì láti ibi tí kò gbà wọlé rí. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n sáré lọ síbi fèrèsé. Ọmọ kan tó ti ki ìrókò ní Ọjọ́ Igbó yíjú sí i, ó ní, "Tísà, wọ́n ti gé tèmi."

"Padà sí àyè rẹ," ni Ọlájùmọ̀kẹ́ wí. "Ẹ ti fèrèsé."

Wọ́n tì í. Ooru mú. Ó nu pátákó, ó sì kọ ìṣirò mìíràn fún wọn.